Ògbólógbòó, Ọ̀yájú, àti Ojú Màámi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Mi ò tíì jókòó dáadáa tí ìkìlọ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà. Láti ìparí oṣù yìí, àwọn tó ṣe ètò tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe kò ní bójú tó o mọ́. Kí n lọ gba tuntun. Wọ́n ya ojú kékeré kan tó ń rẹ́rìn-ín sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rín! Ẹ ń lé èèyàn kúrò nílé, ẹ tún ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni èmi àti Ògbólógbòó ti jọ wà. Èmi ni mo sọ ètò náà bẹ́ẹ̀. Mo mọ ibi tó ti ń fà, mo mọ ìgbà tó máa dákú, mo mọ bí mo ṣe máa tù ú lójú. Tuntun yẹn, wọn kì í tà á, wọ́n máa ń yáni ni. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni.

Inú àbúrò mi ń dùn. Òun ló ń ya fọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo ń tún un ṣe nínú yàrá ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ayé ti lọ síwájú, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e." Mo ní kó máa lọ. Tó bá débẹ̀, kó bá mi kí wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mi ò gbà. Ó parí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Kò parí. Àbúrò mi ti gbé tuntun náà sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ láìbi mí. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti fi tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́ — bí wọ́n ṣe ń fi ìdẹ mú ẹja. Ó pè mí wá wo fọ́tò ìyàwó kan. Ó tẹ ibì kan péré: ojú dán, eyín funfun, òpó iná tó wà lẹ́yìn ìyàwó pòórá. Ohun tí mò ń fi odidi ọ̀sán ṣe. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kò burú, mo padà sí yàrá mi.

Ọ̀yájú ni mo sọ ọ́. Ìbéèrè ẹ̀ pọ̀ ju ti aṣọ́bodè lọ. *Ṣé kí n mú ojú yìí dán? Ṣé kí n tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́ pa mọ́? Ṣé ó dá ọ lójú?* Ó dá mi lójú, ìwọ ta ni? Ògbólógbòó kì í bi mí ní nǹkan kan. Mo bá ní kó pa rẹ́, á pa á rẹ́. Ọmọ tó gbọ́ràn nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Kékeré pè. Àbúrò Màámi ni wọ́n, àwọn nìkan ló kù nínú ìran yẹn. Dókítà máa ṣiṣẹ́ abẹ sójú wọn lọ́jọ́ kọkànlélógún. Ó lè dáa, ó lè máà dáa. Wọ́n ní kí n tẹ fọ́tò ẹ̀gbọ́n àwọn jáde, kó tóbi gan-an, káwọn lè wo ojú ẹ̀ kí ojú tàwọn tó pa dé. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá a sọ." Mo ka ìyẹn sí ọ̀rọ̀ àgbà. Mo ní ẹ má ṣèyọnu, mà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Fọ́tò Màámi tó wà láyé, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí wọ́n ti lọ. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà yẹn, àbúrò mi ò tíì ju mẹ́rìnlá lọ. Nínú fọ́tò náà, wọ́n jókòó sórí àga onírin, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, wọ́n ń wo ẹni tó ń yà wọ́n bíi pé onítọ̀hún ti ń pẹ́ jù.

Òjò ló ba èjìká kan àti etí kan jẹ́. Lọ́dún tí mo gba Ògbólógbòó ni mo fi ẹ̀rọ ya fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ fi í ṣe láyé mi nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ikán jẹ èyí tó wà lórí bébà, àti àpótí tí mo kó o sí. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń tún èjìká yẹn ṣe, díẹ̀díẹ̀, fọ́nrán òwú kan lónìí, òmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Mi ò fi nǹkan kan kún un, mi ò yọ nǹkan kan. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn nìyẹn, mo sì máa ń na ọrùn tí mo bá ń sọ ọ́. Ọ̀yájú á kàn já èjìká ẹlòmíì wá lẹ̀ mọ́ wọn lára ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo sùn. Mo lálàá pé bọ́tìnnì kan wà níwájú orí mi, tí àbúrò mi ń nawọ́ sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Káfíńtà tó wà ní òdìkejì títì wá gba fọ́tò tó fẹ́ fi gba ìwé ìrìnnà. Ó wò ó, ó dojú ẹ̀ délẹ̀, ó tún wò ó. Ó bi mí pé ta nìyí. Mo ní òun ni. Ó ní irọ́ ni, àpá tí ayùn dá sóun lágbọ̀n dà? Ó ní tóun bá gbé eléyìí dé ẹnubodè, wọ́n á ní òun jí ìwé ẹni ẹlẹ́ni ni. Mo ní oore ni mo ṣe fún un. Ó ní, "Ìyá, oore tí wọn ò bá bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é." Aláìmoore. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Kí ló ní kí n ṣe? Bí wọ́n ṣe kọ́ mi níṣẹ́ nìyẹn. Kí o tó ṣe ohunkóhun, kọ́kọ́ fọ ojú: irorẹ́, kókó, àpá, gbogbo ẹ̀ pátá. Ọwọ́ mi á ti fọ̀ ọ́ tán kí n tó mọ̀ pé mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo lọ gba èyí tí a ò tíì fọwọ́ kàn nínú kámẹ́rà àbúrò mi, mo dá àpá baba olóhun padà. Inú ń bí mi títí a fi ti ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ògbólógbòó dákú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyàwó àbúrò mi ní kí a jẹ́ kó fẹ̀yìn tì, ó ti ṣiṣẹ́ tó. Ojú mi ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́, kò wo kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo wọlé bá Màámi lójú kọ̀ǹpútà àbúrò mi. Màámi kọ́. Ẹnìkan ni. Àbúrò mi mú fọ́tò tí mo ti ń tún ṣe láti ọjọ́ yìí, ó jù ú sẹ́nu Ọ̀yájú, ìṣẹ́jú kan, ó tán. Èjìká pé. Etí pé. Ó tún fi yẹtí sí etí náà. Màámi tí kò lu etí láyé wọn! Ó fi ẹ̀rín sí wọn lẹ́nu.

Mo pariwo débi pé àwọn oníbàárà dìde. Mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá tèmi náà ni." Òótọ́ ni, ìyẹn ò sì ní kí inú má bí mi.

Àdéhùn wa: a máa gbé méjèèjì lọ bá Ìyá Kékeré. Tí wọ́n bá mú ti Ọ̀yájú, màá fọwọ́ ara mi ti Ògbólógbòó pa. Tí wọ́n bá mú tèmi, kó má dárúkọ tuntun sí mi létí mọ́ láéláé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Yàrá wọn ń rùn fún oògùn ojú. Àga wọn ti sún mọ́ fèrèsé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ; ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń lé kiri. Àbúrò mi kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbé e súnmọ́ imú, wọ́n ń tẹ orí síbìí, wọ́n ń tẹ orí sọ́hùn-ún. Wọ́n ní, "Arẹwà ni o. Ọmọ ta ni?"

Olúwa ṣeun! Mo gbé tèmi fún wọn. Wọn ò tíì gbà á tán tí ohùn wọn fi yí padà. "Hẹ̀ẹ́n. Ẹ̀gbọ́n mi rèé." Mo wo àbúrò mi títí tó fi gbójú wolẹ̀. Mo jayé orí mi fún bí ìṣẹ́jú kan.

Ìka wọn wá ń rìn lórí fọ́tò náà. Ó dé iwájú orí, ó sọ̀ kalẹ̀ sókè ojú, ó dúró. "Àpá yẹn dà?"

Àpá wo, mà?

Wọ́n ní èyí táwọn dá sí ẹ̀gbọ́n àwọn lójú. Ọmọdé ni àwọn méjèèjì nígbà náà, ọdún kan péré ni Màámi fi jù wọ́n. Agolo òfìfo ni wọ́n ń jà sí. Ìyá Kékeré ju ìdérí rẹ̀, ó sì ba Màámi lókè ojú. Màámi sọ fáwọn òbí wọn pé àwọn ṣubú ni, wọ́n sì di irọ́ yẹn mú títí wọ́n fi wọlẹ̀. Ìyá Kékeré ò bẹ Màámi rí. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ nìyẹn. Mo fẹ́ máa wo ibẹ̀ kí n tó sọ ọ́."

Mo ní iná kámẹ́rà ló bò ó. Mo ní tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tóbi, á hàn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo jàre. Kò dùn. Mo purọ́ fún àgbà tí ojú ń dùn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo wá ẹ̀dà tó lọ́jọ́ lórí jù nínú Ògbólógbòó. Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Èjìká ṣì já, etí ò sí. Ojú mọ́ tónítóní.

Èmi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Iṣẹ́ àkọ́kọ́, ara mi ń yá gágá, mo fọ ojú ná kí n tó ṣe ohunkóhun, mo sì tọ́jú ẹ̀ lé orí ti tẹ́lẹ̀. Ògbólógbòó gbà. Kò bi mí. Ikán wá bá mi parí èyí tó kù. Ọ̀yájú tí mò ń bú láti ọjọ́ yìí, ojú tí mo gbé fún un ló lò.

Káfíńtà rí tiẹ̀ kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Màámi ò lè wá bi mí pé ta nìyí.

Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń wo ojú yẹn lójoojúmọ́, mi ò sì fi ọjọ́ kan ṣoṣo fura pé àpá yẹn ò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo fẹ́ ya àpá náà padà. Ọ̀tún ni àbí òsì? Mo bi àbúrò mi. Ó ní ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ó ní bóyá òsì ni. Lẹ́yìn náà ó jáde síta, ó pẹ́ kó tó wọlé.

Mo yà á sí òsì: Màámi ni. Mo yà á sí ọ̀tún: Màámi náà ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Èmi nìkan ni mo lọ. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ kan ojú tèmi níbi tí àpá náà wà, màá yà á padà lónìí yìí, á wà níwájú wọn kí wọ́n tó lọ sílé ìwòsàn lọ́la.

Wọ́n gbọ́wọ́ sókè. Ọwọ́ náà dé ẹ̀gbẹ́ ojú mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbóòórùn oògùn lára ẹ̀. Wọ́n gbé e padà sórí itan. Wọ́n ní, "Ọ̀dà lo máa fi kùn ún. Mi ò ní bẹ ọ̀dà."

Mo bi wọ́n pé ṣé kí n gbé fọ́tò náà lọ. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Àmọ́ kì í ṣe ẹni tí mo ṣẹ̀."

Mo rìn délé. Mi ò wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n di ojú wọn. À ń retí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Wọ́n tú u. Ojú kan ń ríran. Wọ́n dárúkọ gbogbo wa níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ní mo ti hewú. Wọn ò béèrè fọ́tò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ní kí àbúrò mi bá mi gbé Ọ̀yájú sórí kọ̀ǹpútà mi. Ó rán mi létí pé èmi ni mo borí nínú àdéhùn wa. Mo ní mo mọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kó rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́: fọ́tò ìyá arúgbó kan, ojú kún fún ìlà àti kókó. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi tó mọ̀. Ọ̀yájú dá mi dúró, ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè ẹ̀. *Ṣé kí n tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́ pa mọ́?*

Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

*Ṣé ó dá ọ lójú?*

Kò sẹ́ni tó wà nínú yàrá. Mo dá a lóhùn sókè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, jọ̀ọ́.