Ọjọ́ tí Ògiri Ilé Wa ní Granard Street Wó

8, Carrigan Road,
Finglas,
Dublin.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹsàn-án, Ọdún 1965.

Philomena, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Desmond ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń rìn? Mo mọ̀ pé òtútù Melbourne ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí. Ní tiwa, òjò ṣì ni. Ara gbogbo wa le, a dúpẹ́.

Wàá ti rí i pé àdírẹ́sì mi yí padà. Philo, ilé wa ti wó. Má sunkún, kò sẹ́ni tó kú.

Ìwọ náà mọ̀ pé ńṣe ni àwọn ilé yẹn fara ti ara wọn. Láti ayé àwọn Ọba George tí wọ́n ti kọ́ wọn fún àwọn ọlọ́lá, ògiri kan náà ni ilé méjì ń lò. Àwọn ọlọ́lá kó lọ sí London, àwọn onílé wá gé yàrá ńláńlá wọn sí wẹ́wẹ́ fún àwọn òbí wa, síbẹ̀ ògiri dúró. Àfìgbà tí ìjọba wó ilé àwọn Fagan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n fi igi díẹ̀ ti tiwa, wọ́n ní kò séwu.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Tuesday kan, èmi àti Josie Kinsella ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí ilé ké bí igi tó fẹ́ ya. Gbogbo wa sá jáde. Ìyá Tallon nìkan la ò rí, opó tó ń gbé yàrá iwájú lókè, èyí tí fèrèsé rẹ̀ ga dé àjà, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun ya ẹyẹ sára àjà náà.

O ti lọ nígbà tí ìyá Josie kú, o ò mọ̀ pé Ìyá Tallon kò sọ̀ kalẹ̀ wá síbi òkú náà. Láti ìgbà yẹn ni Josie kò ti kí i mọ́. A bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀ jálẹ̀. Àfi bí Josie yìí náà ṣe ju aṣọ sílẹ̀, tó sáré wọlé!

Òun ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní, “Ìyá Tallon, ẹ dìde!”

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Josie.”

“Josie tí kì í kí mi?”

“Òun náà ni. Ẹ jẹ́ ká délẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó bú mi.”

Lórí àtẹ̀gùn ni Josie ti rí i pé ńṣe ni ìyá ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀. “Ìyá, ẹ ò ríran ni?”

“Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Ìdí tí mi ò fi lè sọ̀ kalẹ̀ wá síbi òkú ìyá rẹ nìyẹn. Bí wọ́n bá mọ̀, ilé arúgbó ni wọn ó gbé mi lọ.”

“Ẹ ò wá lè sọ fún mi? Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́!” Ó ń sunkún, ó ń bínú, ó sì gbé ìyá pọ̀n.

Wọn ò tíì sọdá títì tán tí ògiri fi wó. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, gbogbo yàrá wa ṣí sílẹ̀ sójú títì bíi kọ́bọ́ọ̀dù tí kò nílẹ̀kùn. Pépà olódòdó tí bàbá rẹ lẹ̀ mọ́ ògiri wà níbẹ̀, Philo. Ìyá Tallon ní, “Kí lẹ̀ ń wò tẹ́ ẹ dákẹ́ báyìí?” Josie bá ń ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un, yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi dé orí àwọn ẹyẹ.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba dárúkọ ilé arúgbó, Josie dá a lóhùn pé, “Ilé arúgbó bí ti báwo? Ọ̀dọ̀ mi ló ń lọ.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jọ ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, tí wọ́n ń ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí tíì.

Bá mi kí Desmond, kó o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Màmá mi ní kí n kí ọ gan-an.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, mo tẹ̀ lé Josie àti Ìyá Tallon lọ sí itẹ́ òkú Glasnevin. Ìyá Tallon kúnlẹ̀ sínú koríko tútù, ó fọwọ́ wá òkúta títí ó fi kan orúkọ. Ó ní, “Kathleen, mo wá kí ọ. Ọmọ rẹ ló mú mi wá.”

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Assumpta Brophy.