Àmín Tí Mi Ò Ṣe

Odò-Ọwà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mòríámọ̀ aránṣọ, ayálégbé mi, ló ń bá mi kọ èyí.

A ṣe ìpàdé ìgbìmọ̀ olùdarí ilé-iṣẹ́ gàrí wa lónìí. A ti gbà tẹ́lẹ̀ pé a óò yẹ àwọn tó ń wá iṣẹ́ máníjà wò, ká tó dìbò. Inú àdúrà ìparí ni alága gbé tiẹ̀ gbà: "Olúwa, a dúpẹ́ tí O fi Dáyọ̀ ọmọ mi ṣe máníjà wa." Gbogbo wọn ṣe Àmín. Mo pa ẹnu mi dé.

Ìyá Bọ̀sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ní, "Ṣé Ọlọ́run lo wá ń bá jà?"

Mo ní, "Alága ni. A kì í fi àdúrà dìbò."

Alága ní, "Eyín ló ń dun Màmá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Eyín wo?

Èmi àti Ìyá Bọ̀sẹ̀ la jọ máa ń rìn wálé. Lónìí, ó gun ọ̀kadà lọ. Iyán tí mo bù sílẹ̀ fún un ti le.

Dáyọ̀ lè mọ iṣẹ́ o. A ò ṣáà bi í.

Mòríámọ̀, láàárọ̀, sọ fún akọ̀wé ilé-iṣẹ́ kó má kọ ọ́ pé gbogbo wa la gbà. Kó dárúkọ mi pé mi ò gbà. Lẹ́yìn náà, yà sọ́dọ̀ Ìyá Bọ̀sẹ̀, kí o sọ fún un, kó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu alága. Má bá mi bẹ̀ ẹ́.