Mo Kúnlẹ̀, Mi Ò sì Fún Wọn Ní Ọ̀rọ̀ Aṣínà

                                        Yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé,
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ṣé ara yín le? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú jíjẹ bébà? Ara tèmi le, orí mi sì tún le jù ú lọ, bí ẹ ṣe gbọ́. Ẹ ní tí mo bá ní ọ̀rọ̀ gidi láti bá yín sọ, kí n fi Yorùbá kọ ọ́, torí Gẹ̀ẹ́sì mi máa ń sáré kọjá lára yín. Ó dáa. Ẹ gba eléyìí. Àmì ohùn tó bá ṣìnà, ẹ bá mi mú un padà sílé.

Mo mọ̀ pé Bàbá yín ti pè yín. Wọ́n ti sọ fún yín pé ọmọ àbúrò àwọn, tí àwọn gbà sílé nígbà tó ti òkè òkun dé, tí àwọn fún níṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, ti rí àwọn fín lójú àlejò. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀yin kì í ṣe òṣìkà, torí náà ẹ gbọ́ tèmi.

Ẹ rántí ọdún tí gbogbo kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù dákú? Ẹnìkan ló gbé sọ́fítíwia tó rí he lórí intánẹ́ẹ̀tì sínú ọ̀kan, ló bá ran àwọn tó kù. Ìwé ìdánwò tí ilé ìwé kan gbé fún wa tẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá kó gbogbo ẹ̀rọ sórí Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ṣòfin: ohun tí kò bá ti inú àká wá kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù yìí. Àká ni àwa ń pe ibi tí àwọn tó ń bójú tó Linux wa kó sọ́fítíwia tí wọ́n ti yẹ̀ wò sí. Ìránṣẹ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń bá wa lọ síbẹ̀, apt lorúkọ rẹ̀. Tí mo bá ní kó wá nǹkan, á kó orúkọ jọ síwájú mi. Tí mo bá bi í léèrè nípa ọ̀kan, á ṣàlàyé rẹ̀. Tí mo bá ní kó gbé e wá, á kọ́kọ́ yẹ èdìdì ara rẹ̀ wò bóyá ayédèrú ni, kó tó gbé òun àti gbogbo ẹmẹ̀wà rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n kò ní gbé ohunkóhun wọlé láìgba ọ̀rọ̀ aṣínà. Èmi ni Bàbá fi ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn ṣọ́. Wọ́n ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ. Bó jẹ́ èmi gan-an ni mo ní kí o fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ fún àlejò, má dá mi lóhùn." Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu Bàbá yín ni mo ti gbọ́ ọ o.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ilé ìwé kan, màdáámù tó máa ń wọ gíláàsì méjì pọ̀, gbé ìwé kíkà àwọn ọmọdé wá. Ìwé tí a máa ṣẹ́ po ni, tí ojú ewé àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jókòó ti èyí tó kẹ́yìn lórí bébà kan náà. Sọ́fítíwia tí a fi ń tò ó kò gba fáìlì rẹ̀. Ni Bàbá bá pe ọ̀rẹ́ wọn, ẹ̀ńjínnìa tí gbogbo wa ń pè ní Wàrà-wàrà. Ó mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dénú eegun, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fa fóònù yọ, ó da ìlà àṣẹ kan kọ sójú kọ̀ǹpútà: lọ gbé nǹkan kan wá níbì kan, kí o sì fún un lágbára onílé lójú ẹsẹ̀.

"Òyìnbó, tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn, ká máa lọ."

Mo ní, "Ẹ̀ńjínnìa, ta ló ṣe é, sà?"

"Ènìyàn ni. Àbí o rò pé ewúrẹ́ ló ṣe é ni?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kò ní èdìdì, kò sì ti inú àká wá. Bàbá ní, "Tẹ̀ ẹ́ jàre, oníbàárà ń dúró."

Ẹ mọ̀ pé Màmá yín máa ń sọ pé irin ni wọ́n fi rọ orúnkún mi. Ọjọ́ náà, mo fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀, láàárín àjákù bébà àti yíǹkì, mo gbá kíbọ́ọ̀dù mọ́yà. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má bínú. Mi ò ní tẹ̀ ẹ́."

Màmá figbe ta nídìí ẹ̀rọ ìgébébà: "Háà! Ọjọ́ tó máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀ nìyí, àfi kó fi kọ̀ sí àgbà lẹ́nu! Olóríkunkun!"

Wàrà-wàrà gbé báàgì rẹ̀ kọ́pá. Ó ní, "Ẹ kú oríire. Ẹ ti gba ẹ̀ṣọ́ tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀yin gan-an wọlé." Ó bá tiẹ̀ lọ.

Mo jókòó, mo ní kí apt wá "ìwé" lédè tó gbọ́. Ó da orúkọ bò mí bí eṣú. Mo wá bi ara mi pé kí lọwọ́ wa ń ṣe gan-an? Ó ń ṣẹ́ bébà po. Mo fi ìyẹn wá a, sọ́fítíwia kékeré kan jáde, mo ka àlàyé rẹ̀, mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, mo ní kó máa bọ̀. Ìwé tí mo kọ́kọ́ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ dorí kodò. Màmá ní, "Ẹ̀ṣọ́, ẹ kú iṣẹ́ o." Mo yí i padà, mo tún un tẹ̀, mo ṣẹ́ ẹ po, ojú ewé kejì sì tẹ̀ lé èkíní bí ọmọ tó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Màdáámù gba ìwé rẹ̀ kí a tó ti ilẹ̀kùn.

Mo rò pé ó ti parí. Bàbá ní, "Ta ló ń sọ ti ìwé? O dójútì mí níwájú ọ̀rẹ́ mi." Wọ́n ní lọ́jọ́ Àìkú, níwájú ẹbí, kí n bẹ Wàrà-wàrà, kí n sì kó ọ̀rọ̀ aṣínà lé e lọ́wọ́. Tí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí n dìde nídìí kọ̀ǹpútà, kí n lọ máa ka bébà.

Màá bẹ̀ ẹ́. Ìtìjú ọ̀rẹ́ méjì kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n kí n kó ọ̀rọ̀ aṣínà lé e lọ́wọ́? Rárá o. Ìdánwò ọdún yìí wà nínú àwọn ẹ̀rọ yẹn. Ẹni tó gbé ìwé tí kò tí ì jáde fún wa, oyún ló gbé fún wa tọ́jú. Tí Bàbá bá fẹ́ pa òfin wọn rẹ́, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ níwájú gbogbo wa pé ṣọ́ọ̀bù yìí kò lófin mọ́. Màá gbé ọ̀rọ̀ aṣínà fún wọn, màá sì lọ ka bébà. Títí dìgbà yẹn, ẹ má bá mi wá ọ̀rọ̀ "ṣe sùúrù, ìwọ lọmọdé". Ọmọdé náà ni wọ́n fi í ṣọ́.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ sì gba bébà lẹ́nu àwọn ìbejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ má gbèjà mi. Ẹ kàn bi Bàbá yín léèrè ẹni tó ṣòfin, kí ẹ sì jókòó. Tí wọ́n bá ní kí n kúnlẹ̀, màá kúnlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tiwọn lorúnkún mi. Ọ̀rọ̀ aṣínà, ti ṣọ́ọ̀bù ni.

                                        Èmi àbúrò yín, tí kì í ṣe àlejò mọ́,
                                        Olóríkunkun.