Oògùn Ìsàlẹ̀ Àgbá

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín láyọ̀, pàápàá jù lọ Màmá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó kà á síwájú, ẹ dìde, ẹ lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo fún Màmá nígbà tí mo wálé. Wọn ò gbọdọ̀ lo ẹyọ kan sí i. Ó di ọjọ́ méjì tí mo ti ń pe fóònù yín tí kò wọlé, ni mo ṣe fi lẹ́tà rán awakọ̀ iléeṣẹ́ wa.

Ẹ̀rù ń bà mí, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò rí oorun sùn.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Kí wọ́n tó po oògùn mọ́ ìyẹ̀fun tó ń jẹ́ kó di hóró, èmi ni mo ń to asẹ́ léra, tí mo ń jọ oògùn àti ìyẹ̀fun náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí mo ń wọn ohun tó kù lórí asẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá kúnná ju èkejì lọ púpọ̀, wọn ò ní bára wọn gbé pẹ́. Tí àgbá tí a pò wọ́n sí bá ti ń mì, èyí tó kúnná á yọ́ lọ sísàlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tí a ṣe oògùn Màmá yẹn, oògùn kúnná bí àtíkè, ìyẹ̀fun rí bí iyọ̀ oníhóró. Ó yẹ kí n dá a dúró. Ṣùgbọ́n asẹ́ wa tójú ẹ̀ kéré jù ti ya, a kàn lẹ̀ ẹ́ ni, mo bá sọ fúnra mi pé asẹ́ ló ń purọ́. Ọ̀gá wa tí à ń pè ní Kíákíá dúró tì mí, ó ní, “Ṣé o fẹ́ kà á lẹ́yọ lẹ́yọ ni?” Mo rẹ́rìn-ín, mo kọ “ó dára,” mo buwọ́ lù ú. Wọ́n po méjèèjì sínú àgbá, wọ́n fi ọmọlanke tì í gba àgbàlá tó kún fún kòtò.

Níbi iṣẹ́ wa, hóró ìparí tí kò bá kún páálí, àwa òṣìṣẹ́ la máa ń pín in. Ìyẹ̀fun ìsàlẹ̀ àgbá ni wọ́n fi ń ṣe é. Tèmi ni mo gbé fún Màmá. Inú mi dùn pé Màmá rí oògùn lò.

Lọ́jọ́ Ajé, asẹ́ tuntun dé. Mo tún jọ oògùn àti ìyẹ̀fun tó ṣẹ́ kù, nǹkan kan náà ni mo rí. Mo kó hóró tó kù lọ́wọ́ mi lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ oògùn wò. Oògùn inú ẹyọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹyọ méjì.

Mo jẹ́wọ́ fún Kíákíá. Kò bú mi, ó kàn jókòó sílẹ̀. Ó dá ọkọ̀ tó fẹ́ kó páálí lọ dúró, a sì ti gba tọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yòókù padà. Ti Màmá nìkan ló kù. Bí wọ́n bá máa lé mi, kí wọ́n lé mi, kí ìyá mi ṣáà wà láàyè.

Bí òòyì bá ń kọ́ wọn, tàbí tó rẹ̀ wọ́n, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú oògùn náà dání. Ẹ má tíì sọ fún wọn pé èmi ni mo fà á. Èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́.

Ọlọ́run á bá wa dá Màmá sí. A ò ní fọwọ́ ara wa ṣe ara wa.

Èmi ni,
Àbúrò yín tó gbẹ̀yìn.

Àfikún: Awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wá gba lẹ́tà ni. Ó ní Màmá rán òun sí mi nígbà tí òun yà sílé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun ló gbàgbé. Màmá ní oògùn mi ṣiṣẹ́ ju ti ilé ìwòsàn lọ, kí n tètè fi òmíràn ránṣẹ́, pé èyí tó wà nílẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.