Bébà Òfìfo Mẹ́ta

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025. Sharpstown, nílùú òyìnbó.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn: Ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kùn bí agbọ́n. Orúnkún òsì. Ariwo mọ́tò lórí freeway, títì márosẹ̀ wọn. Bébà òfìfo mẹ́ta tí mo fọwọ́ sí kí n tó kúrò ní Òṣogbo — òun gan-an ni olórí wọn.

Olúṣínà ọmọ mi ló ní kí n fọwọ́ sí i. Orúkọ békìrì wa wà lórí ẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀. Ó ní bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo bá wà lọ́dọ̀ Fèyísọ́lá àbúrò òun, òun á kàn tẹ ọ̀rọ̀ sí i. Ó ní gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé orí mi pé báyìí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7.

Fèyí lọ síbi iṣẹ́. Mo wo fíìmù àtijọ́ kan, aláwọ̀ dúdú òun funfun. Ọmọ olówó kan jogún ilé iṣẹ́ irin bàbá ẹ̀. Ọjọ́ ìsìnkú gan-an ló lé àwọn àgbà òṣìṣẹ́ jáde. Kò pariwo. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń fi ìbọ̀wọ́ ẹ̀ lu itan.

Olúṣínà máa ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Mo tún tàn án.

Ọjọ́bọ̀, 9.

Ọ̀gá Kékeré — Olúṣínà náà nìyẹn — kò pè.

Ọjọ́ Àìkú, 12.

Àrẹ̀mú pè lẹ́yìn ìsìn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń po fúláwà fún wa. Yàrá ẹ̀yìn ààrò ló ń gbé.

“Ọ̀gá, lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ o. Ẹ ní kí n kó jáde kóṣù yìí tó parí. Kí ni mo ṣe yín?”

Mi ò kọ lẹ́tà kankan.

“Sáìnì yín ni o, ọ̀gá. Mo mọ ìrù tó máa ń wà nídìí ẹ̀.”

Bébà kan ti lọ. Ó ku méjì.

Ọjọ́ Ajé, 13.

Mo jẹ́wọ́ fún Fèyí. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú sí. “Dádì! Blank paper? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ara páálí oògùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta!” Lẹ́yìn náà, ó ní kí n ṣì dúró de dókítà ojú lóṣù tó ń bọ̀, kí n fi fóònù yanjú ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 16.

Olúṣínà gbé fóònù nígbẹ̀yìn. “Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ lá máa po fúláwà. Àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ ẹ̀yìn ààrò ò sì fẹ́ èèyàn nínú ẹ̀.”

Mo ní Àrẹ̀mú ló ń fi kẹ̀kẹ́ búrẹ́dì gbé e lọ sílé ìwé nígbà tó wà lọ́mọdé.

“Ṣebí ẹ̀yin náà lé Bàbá Ìlá, ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin Bàbá àgbà. Ẹ ní bí wọ́n ṣe ń di ọ̀gá nìyẹn.”

Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá Ìlá ló bá bàbá mi mọ ààrò yẹn. Mo sọ ẹrù ẹ̀ síta nínú òjò. Ogójì ọdún ni mo fi ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi bí ìtàn akin.



Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18.

Fèyí pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà mi, tìbínú-tìbínú. Dókítà ojú á dúró ná. Mi ò ní sọ fún Ọ̀gá Kékeré. Mo pe Àrẹ̀mú; ó ti ń di ẹrù. Mo ní kó tú u. “Ọ̀gá, ṣé lóòótọ́ lẹ ń bọ̀?” Bí ọkọ̀ òfuurufú bá pẹ́ ńkọ́? Bí wọ́n bá ti wó yàrá ọ̀hún ńkọ́?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí, ni màá wọkọ̀. Mò ń lọ.