Ọwọ́ Mi Lára Ẹyẹ Ẹnubodè

Ọmọ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé yín. Ara wa le níbí, àfi orúnkún mi tí kì í bá mi dìde mọ́. Télọ̀ iwájú ilé ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó ní kí n rọra sọ̀rọ̀, mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ.

Àwọn tó o rán wá ti dé. Ìwọ lo ránṣẹ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá ya fọ́tò ẹnubodè àtijọ́ tí yàrá mi fara tì, pé gbogbo ara rẹ̀ ni wọn yóò yà yí po. Ta ni í gbé ojú àìbọ́ lọ síwájú onífọ́tò? Mo bẹ bíríkìlà, ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ibi tó rí gbágungbàgun lára ògiri ẹnubodè náà, ó sì fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ó ń dán bí eyín ọmọge.

Ọ̀gá yín obìnrin, èyí tó dé akoto, bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó wo ògiri, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rò pé ẹwà rẹ̀ ló mú un. Àṣé ẹyẹ ńlá tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ sára ògiri yẹn ló tìtorí ẹ̀ wá. Ó ní bí a bá ní ká họ sìmẹ́ǹtì, ẹyẹ á bá a lọ. Ó tún ní ìwọ lo fọwọ́ sọ̀yà pé ẹyẹ náà ṣì pé, pé bí òun bá padà lọ́wọ́ òfo, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìyẹn dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o kò sọ pé ògiri gbágungbàgun ni wọ́n fẹ́ yà?

Wọ́n gbé àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan kalẹ̀ tó ń yí orí bí òwìwí, wọ́n sì ju nǹkan kan sókè tó ń kùn bí oyin. Alákoto ní àwọn ń kó ẹnubodè sínú kọ̀ǹpútà, pé bí ti ìta bá tiẹ̀ wó, ti inú kọ̀ǹpútà yóò wà, èèyàn á lè yí i síwá sẹ́yìn wò. Mo bi í pé ta ni yóò máa gbá ibẹ̀. Mo yáa kó ẹrù mi jáde ní yàrá, kí wọ́n má baà kó o mọ́ ọn.

Nítorí ẹyẹ tí wọn kò rí, wọ́n bèèrè fọ́tò àtijọ́. Mo gbé èyí tí èmi àti bàbá àgbà rẹ yà níwájú ògiri náà nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Wọ́n fọ́ férémù rẹ̀ kí wọ́n tó rí i yà. Ẹyẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bàbá àgbà rẹ dúró bo ìyẹ́ apá kan. Alákoto tọrọ àyè pé òun fẹ́ yọ ọ́ kúrò, kí òun fi ìyẹ́ apá kejì ṣe àwòkọ. Mo ní kó yọ ọ́. Nígbà tó wà láyé náà, ibi tí a bá fẹ́ wò ló máa ń dúró sí.

Wọ́n yọ ọ́ tán, wọ́n dá fọ́tò padà, ó ṣì wà nínú rẹ̀. Ó wá di méjì. Bí wọ́n bá gbé ìkejì dé ọ́fíìsì yín, fún un lága, kó má baà dúró dí ẹnikẹ́ni.

Wọ́n fi ẹnubodè inú kọ̀ǹpútà hàn mí. Ẹyẹ pé. Alákoto ní iṣẹ́ rẹ kò bọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi tí mo gbé lé bàbá àgbà rẹ léjìká nínú fọ́tò ṣẹ́kù sórí ìyẹ́ ẹyẹ, kò di nǹkan kan mú. Ó ní ìwọ ni yóò pa á rẹ́ lọ́fíìsì. Má pa á rẹ́. Bó ṣe wà nìyẹn láti ọjọ́ tí bàbá àgbà rẹ ti lọ.

Fi owó férémù ránṣẹ́, má jẹ́ ó pẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní dúró bo ògo rẹ. Ohun tó o bá gbọ́wọ́ lé kò ní yẹ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ rẹ.

Èmi ni ìyá àgbà rẹ.