Onísùúrù, Káfíńtà àti Ọdẹ Pẹ́pẹ́yẹ, Bàbá Ọmọ Kéékèèké Mẹ́ta

Ní ọdún 1984 ni a bí ẹ̀gbọ́n wa, olóògbé tí a pé jọ nítorí wọn lónìí, sínú ilé onípákó kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, níbi tí lẹ́búlẹ́bú igi ti máa ń bà lé gbogbo aṣọ tí a bá sá. Àwọn ni àkọ́bí bàbá wa, tó ń fi ẹ̀rọ la gẹdú níbẹ̀, àti ìyá wa, tó ń tọ́jú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò. Bàbá tó bí bàbá wa, ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ni. Bàbá wa náà, ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ni. Ẹbí wa kò ní ilẹ̀, a kò sì jẹ oyè rí, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé kan nínú wa tí kò mọ ìró ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ igbó nígbà tí wọ́n bá ń kọjá lórí ilé ní ìdájí.

Orúkọ àbísọ wọn wà lára èèpo ìwé yìí. Onísùúrù ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Bàbá wa ló fún wọn lórúkọ náà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí bàbá mú wọn lọ sí adágún omi fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n jókòó sínú ibùba láàárín koríko gíga etí omi, wọn kò húkọ́, wọn kò béèrè oúnjẹ, wọn kò sọ pé ó ń rẹ àwọn. Nígbà tí wọ́n délé, bàbá sọ fún ìyá wa pé, "Ọmọ rẹ yìí, ẹja ló yẹ kí ó jẹ́. Kò sọ̀rọ̀ rárá."

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà ní ilé-ìwé tí ìyá wa ń gbá, wọ́n sì tẹ̀síwájú sí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọwọ́ wọn dá sí iṣẹ́ igi ju ìwé lọ. Ní ọdún 2003, bàbá wa ṣàìsàn, wọ́n sì kú. Ẹ̀gbọ́n wa fi èrò àtilọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀, wọ́n wọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí èmi àbúrò wọn obìnrin, tí ẹbí ní kí n kọ ìtàn yìí, lè parí ẹ̀kọ́ tèmi. Wọn kò fi ìyẹn ṣe ìrégún fún mi rí. Ìbọn bàbá, ọkọ̀ pẹlẹbẹ bàbá, àti àwọn pẹ́pẹ́yẹ onígi tí bàbá gbẹ́, èyí tí wọ́n máa ń tò sórí omi láti fi tan àwọn ẹyẹ wálẹ̀, ni ogún tí wọ́n mú.

Níbi iṣẹ́, wọ́n di ọ̀gá káfíńtà. Ẹ ò lè gbà wọ́n lálejò kí wọ́n kọ́kọ́ kí yín. Wọn á kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn yín, wọn á tì í, wọn á tún un ṣí, wọn á fi àtẹ́lẹwọ́ ra etí rẹ̀, kí wọ́n tó ní, "Ẹ kúulé o. Ta ló kan ilẹ̀kùn yìí fún yín?" Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, ilẹ̀kùn yín kì í dún mọ́ nítorí wọn.

Ilẹ̀kùn náà ló fún wọn ní aya. Ní ọdún 2013, ilé ìwòsàn kan pè wọ́n kí wọ́n wá tún ilẹ̀kùn yàrá tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń pààrọ̀ aṣọ ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Wọ́n padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n tún padà wá. Ìyàwó wa, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, wá bi wọ́n léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ilẹ̀kùn yìí ló ń ṣàìsàn àbí ẹ̀yin?" Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: obìnrin tí a ń pè ní Agbẹjọ́rò, nítorí kò sí ohun tí a sọ tí kì í fèsì sí, ọkùnrin tí a ń pè ní Jẹ́jẹ́, àti ìkókó obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ògiri mú rìn.

Ní ti ìgbàgbọ́, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó sí nínú ilé ìjọsìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dájúdájú. Àwọn ló ṣe ìjókòó tí ẹ jókòó lé lónìí. Wọ́n kan fèrèsé fún opó méjì ládùúgbò wa, wọ́n sì ní kí wọ́n má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn opó náà ti sọ ọ́ fún wa báyìí.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọdẹ wọn láìfi nǹkan kan pamọ́, nítorí a mọ̀ pé ẹ ń sọ ọ́ láàárín ara yín.

Nígbà tí wọ́n bí Agbẹjọ́rò, wọ́n pa ọdẹ tì. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n pa á tì. Ìyàwó wa ń lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́, àwọn ń lọ lójúmọmọ, ẹni tó bá wà nílé ló ń gbé ọmọ. Wọ́n ti ìbọn mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì dojú ọkọ̀ bàbá dé lẹ́yìn ilé. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ dé tẹ̀lé e, ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Àwọn ọmọ ń fi pẹ́pẹ́yẹ onígi ṣeré nínú bàsíà ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù, tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó bá ti ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀gbọ́n wa á dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná pẹ̀lú ìgò wàrà ọmọ lọ́wọ́, wọn á máa wo òkè. Wọn kì í bínú. Wọn kì í ráhùn. Wọ́n kàn ń dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, títí tí ìyàwó wa fi ń bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ náà.

Òun fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan tí wọ́n jọ ń ká aṣọ àwọn ọmọ.

"Ẹ máa lọ sí adágún yín," ó ní. "Àárọ̀ Sátidé."

"Àárọ̀ Sátidé nìkan lo ní láti fi sùn."

"Ẹ lọ, kí ẹ tètè dé. Tí ẹ bá dé, ẹ kó àwọn ọmọ jáde fún mi, kí n wá sùn. Mo fẹ́ ọkọ tó ń sọ̀rọ̀."

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn fún ọdún bíi mélòó kan. Ìyá wa á wá sun ilé wọn ní alẹ́ Fúráìdè. Ẹ̀gbọ́n wa á jáde ní ìdájí, wọn á sì ti padà kí àwọn ọmọ tó jẹun àárọ̀ tán, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ àti ìyẹ́ lórí. Wọn á dín ẹyin, wọn á kó àwọn ọmọ lọ sí ibi ìṣeré, wọn á sì sọ̀rọ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ débi pé Agbẹjọ́rò pàápàá á ní kí wọ́n sinmi. Ìgbà mìíràn wà tí wọn kò pa ẹyọ kan bọ̀. Kò dùn wọ́n. Ìyàwó wa sọ fún mi pé òun kò rí ìgbà kan tí inú ilé wọn dùn tó ìgbà náà.

Nígbà tí ọdún tó kọjá ń parí lọ, wọ́n yí iṣẹ́ ìyàwó wa padà sí òpin ọ̀sẹ̀. Kété lẹ́yìn rẹ̀, ìyá wa ṣubú ní balùwẹ̀, wọ́n fi ìbàdí ṣèṣe, wọn kò lè gbé ọmọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa ní àwọn kò lọ mọ́, pé pẹ́pẹ́yẹ kò ní sá kúrò láyé. Aránṣọ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbà láti mú Jẹ́jẹ́ àti ìkókó ní àárọ̀ Sátidé kan. Agbẹjọ́rò ní òun kò lọ sílé aránṣọ, adágún ni òun ń bá bàbá òun lọ, òun ti tó ẹni tó ń lọ. Ó ti ń bẹ̀bẹ̀ láti èṣí.

Ìyàwó wa ló ní, "Ẹ mú un lọ. Ẹ ṣáà wọṣọ fún un dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n wa ní, "Tí òtútù bá ti mú un, a ti ń bọ̀ nìyẹn."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnu ọmọ náà àti ẹnu apẹja kan la ti gbọ́ ọ. Ní àárọ̀ Sátidé kejì nínú oṣù kìn-ín-ní, àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ bàbá. Wọ́n ti ra ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì fún ọmọ náà, wọ́n sì so ó mọ́ ọn lára dan-in-dan-in. Tiwọn, wọ́n ká a, wọ́n fi ṣe tìmùtìmù fún un, kí ìdí rẹ̀ má bàa tutù. Wọ́n lúgọ sínú koríko. Ọmọ náà ní òun kò sọ̀rọ̀ rárá, pé bàbá òun fi àtàǹpàkò yin òun. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́rin bà. Wọ́n yìnbọn, ọ̀kan já bọ́ sí ojú omi gbangba. Wọ́n tu ọkọ̀ jáde lọ mú un, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti dé, ọkọ̀ sì dojú dé.

Ṣòkòtò rọ́bà gígùn tó dé àyà ni ẹ̀gbọ́n wa wọ̀. Omi kún inú rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ti ọmọ wọn sókè, wọ́n gbé e lé ìdí ọkọ̀ tó dojú dé, àwọn fúnra wọn sì fi ọwọ́ kọ́ etí ọkọ̀ náà.

Ọmọ náà ní wọ́n sọ fún òun pé, "Di igi ìdí ọkọ̀ yẹn mú. Má sọ̀ kalẹ̀, ohun yòówù kí o rí. Máa kọrin, kí ẹni tó ń kọjá lè gbọ́ wa."

Ó ní, "Dádì, orin wo?"

Wọ́n ní, "Èyí tó bá wù ẹ́. Mò ń gbọ́."

Ó kọ orin tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ní a, b, d nílé-ìwé. Tó bá parí, bàbá rẹ̀ á ní kí ó tún un kọ. Nígbà tó yá, ó parí, kò gbọ́ kí wọ́n ní kí òun tún un kọ, ó sì tún un kọ fúnra rẹ̀. Ó sọ fún mi pé, "Àǹtí, mo rò pé wọ́n ti sùn ni."

Apẹja tó ń káwọ̀n gbọ́ orin náà, ó sì tukọ̀ wá. Nígbà tó dé, ọmọ nìkan ló bá. Ọjọ́ kejì la tó rí ẹ̀gbọ́n wa.

Ẹ̀yin èèyàn wa, nígbà tí ẹ wá kí wa, a gbọ́ tí ẹnìkan béèrè nínú pálọ̀ pé kí ni bàbá ọmọ kéékèèké ń wá lórí omi. Ìyàwó wa wà nínú yàrá, ó sì gbọ́. Kò jẹun títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ó ń sọ pé, "Èmi ni mo ní kí wọ́n máa lọ. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n mú un lọ." A ti sọ gbogbo ohun tí a mọ̀ ọ́n sọ fún un. Kò wọ̀ ọ́ létí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kún un. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ń wá lórí omi ni wákàtí díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní pè wọ́n, kí wọ́n lè padà wálé bí èèyàn. A kò ní ìdáhùn mìíràn, èyí tí a sì ní náà kò tù wá nínú.

Agbẹjọ́rò ní òun ló dojú ọkọ̀ dé. Ó ní òun dìde dúró láti wo pẹ́pẹ́yẹ tó já bọ́. Apẹja sọ fún un lójú gbogbo wa pé, "Ọmọ mi, afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú ọkọ̀ tèmi náà dé, ọkọ̀ mi sì tóbi ju tiyín lọ." Ọmọ náà kàn wò ó. Láti ìgbà náà, kò fèsì sí ohunkóhun tí a bá sọ mọ́. Nítorí náà ni ẹbí ṣe ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé yìí, kí ó lè bá a níbẹ̀ nígbà tó bá dàgbà: afẹ́fẹ́ ni. Àwa tí a jẹ́ ẹbí bàbá rẹ̀, a sọ pé afẹ́fẹ́ ni.

Àwọn tí olóògbé fi sáyé lọ ni: ìyá wọn, tí kò lè dìde dúró níbi ibojì ọmọ wọn, aya wọn, Agbẹjọ́rò, Jẹ́jẹ́ àti ìkókó, àti èmi àbúrò wọn. Wọn kò ní ọmọ-ọmọ. Àkọ́bí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká eyín iwájú ni. Jẹ́jẹ́ ṣì ń béèrè ní àràárọ̀ Sátidé bóyá wọ́n ti ń bọ̀. Ìkókó kò ní rántí ojú wọn.

Ẹ̀gbọ́n wa, a kò mọ bí a ó ṣe ṣe é láìsí yín. Kí ibi tí ẹ sùn sí gbẹ. Kí ó móoru. Ẹ sùn re o.